Ẹ Bi Wá: Ṣé Ọ̀ta Ṣẹ́ẹ̀sì Ṣì Lè Pa Ẹ̀rọ Láyò?

Lóṣù yìí, ìbéèrè lórí ṣẹ́ẹ̀sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kọ sí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń yí po: láàárín ẹ̀rọ àti ènìyàn, ta ni ọ̀ta, ta ni ọ̀pè? A mú méje níbẹ̀. Kí á lè jọ gbọ́ra yé, “ìsún” ni à ń pe gbígbé ọmọ ayò kúrò ní ilé kan sí òmíràn; “ọ̀mì” ni kí ẹnikẹ́ni má pa ẹnì kejì; “ẹ́ńjìnnì” ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ìbáà wà lórí fóònù, ìbáà wà nínú ẹ̀rọ tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Orúkọ ọmọ ayò tí a lò ni ọba, ayaba, róòkù, bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin àti pọ́ọ̀nù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí a ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì nírọ̀lẹ́ ní Òṣogbo níbí, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán. Ọ̀rẹ́ mi ní bí wọ́n bá fún Magnus Carlsen, ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì tó lókìkí jù láyé, ní àkókò tó pọ̀ tó, kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè pa á, pàápàá èyí tó wà lórí fóònù lásán. Èmi ní irọ́ ni. Ẹ bá wa dá a.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin lẹ jàre, àre yín kò sì kéré. Ìgbà ìkẹyìn tí ènìyàn pa ẹ́ńjìnnì tó wà lókè téńté, lórí aago gígùn, láìjẹ́ pé wọ́n fún ènìyàn ní èènì kankan, ni oṣù kọkànlá ọdún 2005 ní ìlú Bilbao ní Sípéènì, nígbà tí Ruslan Ponomariov pa ẹ́ńjìnnì Fritz. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, Michael Adams, tó wà lára àwọn mẹ́wàá tó mú jù lọ láyé nígbà náà, bá ẹ̀rọ Hydra ta ayò mẹ́fà ní London. Márùn-ún ni ẹ̀rọ pa á, ọ̀kan ṣoṣo ló bọ́ sí ọ̀mì.

Ní ti fóònù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rẹ́ yín ti ṣìnà jù. Ní 2009, ẹ́ńjìnnì Pocket Fritz 4 wọ ìdíje Copa Mercosur ní Buenos Aires lórí fóònù kan ṣoṣo. Nínú ayò mẹ́wàá, ó pa mẹ́sàn-án, ó ta ọ̀mì kan. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nípa ẹ̀ ni pé kò tó ipò 20,000 tó ń gbé yẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Deep Blue, ẹ̀rọ IBM tó pa Garry Kasparov, olórí ayé, ní 1997, ń yẹ bí mílíọ̀nù 200 wò. Ìyẹn ni pé fóònù náà fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́ra ju Deep Blue lọ, síbẹ̀ ó ta ní ipele grandmaster, oyè tó ga jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Kì í ṣe irin ló mú u lágbára. Ọgbọ́n tí wọ́n kọ sínú ètò náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fi òǹkà bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀, Elo ni kí ẹ gbé jáde, ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi orúkọ Arpad Elo sọ. Bí Elo ẹni méjì bá dọ́gba, nínú ayò 100, àmì 50 ni à ń retí kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà (pípa jẹ́ àmì kan, ọ̀mì jẹ́ ààbọ̀). Bí ẹnì kan bá fi 200 ga ju ẹnì kejì lọ, àmì bíi 76 ni tirẹ̀. Bí ó bá fi 400 ga, 91. Bí ó bá fi 800 ga, 99. Elo tó ga jù tí Carlsen dé ni 2882, ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, kò sì sí ènìyàn kankan tó tíì ga tó bẹ́ẹ̀. Stockfish, ẹ́ńjìnnì tó wà lára àwọn tó lágbára jù, ti kọjá 3600 nínú ìwé àwọn tó ń dán ẹ́ńjìnnì wò. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì: àlàfo náà lé ní 700. Nínú ayò 100, Carlsen tó wà ní góńgó agbára rẹ̀ kò ní gba tó àmì méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ara gbé ìṣirò yẹn. Láti inú ayò ènìyàn sí ènìyàn ni 2882 ti jáde. Láti inú ayò ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ ni 3600 ti jáde. Kóńgò ọjà méjì ni, ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé èènì ló ń fi àlàfo náà hàn dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ẹ́ńjìnnì Komodo bá Hikaru Nakamura ta mẹ́rin. Nínú méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rọ fi pọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, róòkù tirẹ̀ kan kúrò lórí ọpọ́n, ẹṣin Nakamura kan kúrò. Nínú ẹ̀kẹrin, Nakamura sún ìgbà mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ tó dáhùn. Mẹ́ta bọ́ sí ọ̀mì, Komodo sì pa á nínú ẹ̀kẹrin. Àwọn ọ̀ta tó mú jù láyé ló ń gba èènì yìí o, bí ọ̀pè ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀ta.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì rántí ariwo tó sọ nígbà tí ẹ̀rọ IBM pa Kasparov. Títí di òní ni àwọn kan ń sọ pé ojóró ni wọ́n ṣe. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ìdíje méjì ni, èkíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé. Ní oṣù kejì ọdún 1996, ní Philadelphia, ẹ̀rọ pa Kasparov nínú ayò àkọ́kọ́ pàá, àmọ́ nígbà tí wọ́n parí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Kasparov ló borí pẹ̀lú àmì 4 sí 2. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ náà, Feng-hsiung Hsu, Murray Campbell àti Joseph Hoane, padà lọ tún un ṣe, Joel Benjamin tó jẹ́ grandmaster sì bá wọn kọ́ ọ ní ìmọ̀ ayò. Nígbà tí wọ́n padà dé ní oṣù karùn-ún ọdún 1997 ní New York, 480 ni ṣíìpù tí wọ́n ṣe fún ṣẹ́ẹ̀sì nìkan tó wà nínú rẹ̀.

Kasparov pa ayò àkọ́kọ́. Inú ayò kejì ni gbogbo ẹ̀fúùfù ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìsún 36 àti 37, ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti gbé ayaba wọlé kí ó sì jẹ pọ́ọ̀nù. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà yẹn ni ì bá jẹ ẹ́, nítorí ọ̀jẹun ni wọ́n. Deep Blue kò jẹ ẹ́. Ó pààrọ̀ pọ́ọ̀nù, ó gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ilé e4, ó dí gbogbo ojú ihò tí Dúdú, ìyẹn Kasparov, lè gbà jáde. Sùúrù tí a mọ̀ mọ́ àgbà ọ̀ta ni, kì í ṣe mọ́ ẹ̀rọ. Ọkàn Kasparov bàjẹ́, ó sì fọwọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìsún 45 Funfun. Ọjọ́ kejì ni àwọn èèyàn rẹ̀ sọ fún un pé bí ó bá gbé ayaba rẹ̀ sí e3, ì bá máa halẹ̀ mọ́ ọba Funfun láìdáwọ́ dúró, ọ̀mì ni ì bá sì jẹ́. Ó ti fọwọ́ sílẹ̀ nínú ayò tí kò tíì kú.

Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọ̀mì ni gbogbo wọn. Nínú ẹ̀kẹfà, Kasparov di Dúdú mú, ó ta Caro-Kann, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ ayò kan, ó sì sún pọ́ọ̀nù h rẹ̀ sí h6 ní ìsún keje láti lé ẹṣin tó wà ní g5. Ẹ̀rọ fi ẹṣin yẹn jẹ pọ́ọ̀nù e6, ó fi ẹṣin odindi rúbọ. Ìsún yẹn ti wà nínú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ayò tí wọ́n kó sí i nínú, kò nílò ìrònú kankan. Ní ìsún 19, ó ti parí: 3½ sí 2½.

Ní ti ojóró, a kò rí ẹ̀rí kankan. IBM gbé àkọsílẹ̀ ìrònú ẹ̀rọ náà jáde fún gbogbo ayé lẹ́yìn náà, àwọn ìsún náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó dun àwa náà ni pé IBM kò gbà kí wọ́n tún pàdé. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wà báyìí. Ayò mẹ́fà kéré láti fi mọ ẹni tó lágbára jù. Lójú tiwa, ẹ̀rọ borí nínú ìdíje náà láìsí àní-àní, ṣùgbọ́n ní 1997, agbára wọn ṣì sún mọ́ ara. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: Vladimir Kramnik àti Deep Fritz parí sí 4 sí 4 ní Bahrain ní 2002, Kasparov àti Deep Junior parí sí 3 sí 3 ní New York ní 2003. Ó tó 2005 sí 2006 kí ilẹ̀kùn tó tì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ilé-ìwé girama ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé gbogbo ìsún tó ṣeé ṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń wò kó tó ta? Ṣé ó ti mọ ṣẹ́ẹ̀sì tán? Bàbá mi àgbà ní kò lè mọ ayò ọlọ́pọ́n láé.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. Kò wo gbogbo rẹ̀, kò sì lè wò ó. Láàárín gbùngbùn ayò, bí ìsún 35 ni ẹni tó kàn máa ń ní lọ́wọ́. Alátakò náà ní bí 35 láti fi dáhùn. Bí o bá fẹ́ ka gbogbo ọ̀nà fún ìsún mẹ́fà péré, mẹ́ta tìrẹ, mẹ́ta tirẹ̀, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 800.

Ọgbọ́n tí ẹ̀rọ ń dá nìyí. Ká ní o fẹ́ sún ẹṣin rẹ, o sì rí i pé bí o bá sún un, alátakò á jẹ ayaba rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé o tún máa jókòó ka ìdáhùn 34 yòókù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Rárá, èyí tó burú kan yẹn ti tó láti pa ìsún náà tì. Ohun tí wọ́n ń pè ní alpha-beta nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá ń rí ìsún tó dára jù gbé yẹ̀ wò ṣáájú nígbà gbogbo, bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 800 yẹn á wálẹ̀ sí bí 85,000. Ìdí nìyí tí títo ìsún lẹ́sẹẹsẹ fi ṣe pàtàkì ju eré sísá lọ.

Nígbà tó bá dé òpin ọ̀nà kan, ó gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ọpọ́n náà dára fún. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn ló ń kọ òfin yẹn fún un: pọ́ọ̀nù jẹ́ 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ bíi 3, róòkù 5, ayaba 9, pẹ̀lú àfikún fún ọba tó wà lábẹ́ ààbò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Stockfish 12, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, wọ́n ti fi NNUE rọ́pò púpọ̀ nínú òfin yẹn. Ó jẹ́ àwọ̀n òǹkà kékeré kan tó fúnra rẹ̀ kọ́ ìdájọ́ láti inú ọ̀kẹ́ àìmọye ipò. Yu Nasu ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2018 fún shogi, ayò àwọn ará Japan.

Ọ̀nà mìíràn ni ẹ́ńjìnnì AlphaZero gbà. Òfin ayò nìkan ni wọ́n fún un, ó sì ń bá ara rẹ̀ ta. Nínú ayò 1,000 tó bá Stockfish ta, tí wọ́n kọ èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ó pa 155, ó pàdánù mẹ́fà, ìyókù jẹ́ ọ̀mì, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ipò 60,000 ló ń wò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí Stockfish ń wo bíi mílíọ̀nù 60. Ó fẹ́ràn láti máa rán pọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n lọ síwájú ní kùtùkùtù láti há ọba alátakò mọ́, àwọn grandmaster sì ti kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá rí ẹni tó ń ta h4, h5 nígbà tí ayò kò tíì dé ìdajì, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Ṣé ó ti mọ ṣẹ́ẹ̀sì tán? Ó kù púpọ̀. Bí ọmọ ayò tó kù lórí ọpọ́n bá jẹ́ méje tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọba méjèèjì, ìdáhùn gbogbo rẹ̀ ti wà nínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní tablebase, tí kò lè ṣìnà. Ti ọmọ márùn-ún kò tó gígábáìtì kan, ti mẹ́fà tó bí 150, ti méje sì lé ní 16,000. O rí bó ṣe ń wú? Gbogbo ọpọ́n jẹ́ ọmọ 32.

Ní ti bàbá rẹ àgbà, fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ti yunifásítì Vrije ní Amsterdam ka gbogbo ipò awari tán, ó lé ní bílíọ̀nù 889. Ìbátan tímọ́tímọ́ ayò ọlọ́pọ́n ni awari: ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé, a sì ń jẹ ẹ́ bó bá di méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹni méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Àmọ́ òfin jíjẹ tiwa yàtọ̀ díẹ̀ láti ìlú dé ìlú, nítorí náà èsì awari kì í ṣe ti gbogbo ayò tí wọ́n ń ta nílé yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ibì kankan ṣì wà tí ènìyàn ti ń rí ohun tí ẹ́ńjìnnì kò rí?

ÌDÁHÙN: Ó wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Èyí tó hàn jù ni odi, ìyẹn kí ẹni tí kò ní nǹkan púpọ̀ to ọmọ rẹ̀ sí ipò tí alátakò kò lè gbà wọlé mọ́. Ẹ tẹ́ ọpọ́n yín kí ẹ wò ó: Funfun ní ọba, pọ́ọ̀nù kan ní òpó h, àti bíṣọ́ọ̀bù tó ń rìn lórí ilé funfun. Dúdú ní ọba nìkan, ó ti wọ igun h8. Ilé dúdú ni h8, bíṣọ́ọ̀bù yẹn kò lè kàn án láé. Kò sí ohun tí Funfun lè ṣe ju kí ó fún ọba Dúdú pa débi tí kò ti ní ìsún mọ́, ìyẹn náà sì jẹ́ ọ̀mì. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ á ka bíṣọ́ọ̀bù àti pọ́ọ̀nù, á ní Funfun fi 4 lé. Àwọn ti òde òní mọ èyí, ṣùgbọ́n nínú odi ńlá tí pọ́ọ̀nù méje mẹ́jọ ti di ara wọn mú, ẹ ṣì máa ń rí i kí wọ́n kọ +2 tàbí +3, pé Funfun fi bẹ́ẹ̀ lé, síbi tí kò sí ọ̀nà kankan.

Àmì tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n nìyí: bí Funfun bá ń borí lóòótọ́, òǹkà náà á máa gòkè bí ẹ̀rọ ṣe ń wo ọ̀nà jíjìn sí i. Bí ó bá dúró sójú kan láti ìjìnlẹ̀ (iye ìsún tó ń wò síwájú) 20 dé 35, ẹ fura. Ẹ tẹ̀ lé ìsún tó ń dábàá fún ìhà méjèèjì títí tó bíi 30. Bí kò bá sí jíjẹ, tí pọ́ọ̀nù kankan kò sún, tí àwọn ọmọ kàn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, odi ni.

Ní ìdà kejì, irú àṣìṣe tí ènìyàn ń ṣe kò sí lára ẹ̀rọ rárá. Ní Bonn ní Jámánì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, Kramnik tó jẹ́ olórí ayé nígbà náà gbé ayaba rẹ̀ sí e3 pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ó dìde kúrò nídìí ọpọ́n. Deep Fritz gbé ayaba tirẹ̀ sí h7, ọba há, ó parí. Ìsún kan ṣoṣo ni. Ọmọ tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì fún oṣù mẹ́ta lè rí i. Kramnik kò ní ìṣòro kankan lórí aago. Ojú rẹ̀ ló fò ó. Deep Fritz borí ìdíje náà pẹ̀lú 4 sí 2.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti gbé Stockfish sórí fóònù mi láti bí ọdún kan, mo sì ń fi yẹ gbogbo ayò mi wò ní Abẹ́òkúta níbí, ṣùgbọ́n n kò mú sí i. Kí ni mo ń ṣì ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ń ṣí i kí ẹ tó fúnra yín ronú. Èyí ni àṣìṣe tó ń bà wá nínú jẹ́ jù, nítorí àwọn tó fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì gan-an ni wọ́n ń ṣe é. Ojú rí +2.3, ọkàn ní òun ti mọ̀, kò sì sí ohun tó wọlé.

Kọ ayò náà sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Pa fóònù tì, tẹ́ ọpọ́n, kí o fi 20 sí 30 ìṣẹ́jú rìn ín já. Ibi mẹ́ta sí márùn-ún tí o ti ṣiyèméjì, sàmì sí i, kí o sì kọ ohun tí o rò síbẹ̀: “mo rò pé bí mo bá jẹ ẹ́, róòkù rẹ̀ á wọlé.” Ìwé kékeré yẹn ló ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ìwọ yóò fi wé ohun tí ẹ̀rọ bá sọ.

Nígbà náà ni kí o ṣí ẹ́ńjìnnì. Wá ibi tí wọ́n kọ MultiPV sí, kí o fi sí 3. Bí ọ̀nà kan ṣoṣo bá hàn, o kò lè mọ̀ bóyá èkejì náà dára. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ +0.40, +0.35 àti +0.30, èyíkéyìí tí o bá mú dára, kọjá lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ +1.80, −0.10 àti −0.60, ìsún kan péré ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o jókòó sí. Dúró kí ó dé ìjìnlẹ̀ 22 ó kéré tán. Òǹkà tó jáde ní ìjìnlẹ̀ 10 tàbí 12 lè yí padà pátápátá.

Lórí fóònù, má fi Threads (iye kọ́ọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń lò lẹ́ẹ̀kan náà) kọjá 2 tàbí 3. Bí o bá lo mẹ́jọ, fóònù á gbóná, á sì dín eré ara rẹ̀ kù, bátìrì á sì lọ lásán. Hash (àyè ìrántí tí ẹ́ńjìnnì ń lò, ní mẹ́gábáìtì) 128 tó. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní kọ́ọ̀ mẹ́rin àti RAM gígábáìtì 8, lo Threads 3 àti Hash 1024. Bí Hash bá pọ̀ ju àyè tó kù nínú RAM lọ, kọ̀ǹpútà á máa kó ẹrù lọ sínú dísìkì, ìyára á já wálẹ̀.

Mọ ohun tí òǹkà ń sọ. Nínú ọ̀pọ̀ app, àmì àròpọ̀ túmọ̀ sí pé Funfun ló ń rí ṣe. Àmọ́ nínú àwọn kan, ẹni tó kàn láti ta ni. Gbé ipò tí ayaba Dúdú kò sí lórí ọpọ́n síwájú rẹ̀, kí ó jẹ́ Dúdú ló kàn, wàá mọ èyí tó jẹ́. M5 tàbí #5 ni pé ọba á há láàárín ìsún márùn-ún. Láti Stockfish 15.1, ní ìparí 2022, +1.00 kò tún túmọ̀ sí pọ́ọ̀nù kan mọ́. Ó ń sọ pé nínú ayò ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ láti ibẹ̀, Funfun á pa ìdajì. Ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ o. Ní ọwọ́ ẹni tí Elo rẹ̀ jẹ́ 1400, +1.00 lè dà nù láàárín ìsún méjì.

Nítorí náà, bí o kò bá tíì tó 1600, ibi tí òǹkà ti já bọ́ tó 1.00 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí o yẹ̀ wò, fi èyí tí kò tó 0.50 sílẹ̀. Má kàn wo ìsún tó dára. Ta èyí tí ìwọ fẹ́ ta, kí o jẹ́ kí ẹ̀rọ fi hàn ọ́ bó ṣe máa fìyà jẹ ẹ́. Bí o kò bá lè sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, o kò tíì kúrò níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì ta níwọ̀n tèmi, ṣùgbọ́n bí mo bá dín agbára rẹ̀ kù, á ta bí ọ̀gá fún ìsún mẹ́wàá, á wá sọ ẹṣin nù lójijì. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Bí wọ́n ṣe dín in kù ló fà á. Stockfish ní Skill Level láti 0 dé 20, ó sì ní UCI_Elo láti 1320 dé 3190. Nínú méjèèjì, ẹ̀rọ ṣì ń rí ìsún tó dára. Ó kàn ń mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tí kò dára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn kì í ṣe àṣìṣe báyẹn: ohun tó jìnnà tàbí ohun tó fara pamọ́ ni ojú wa ń fò. Bí ẹ bá fẹ́ alátakò tó jọ ènìyàn, ẹ wá ẹ́ńjìnnì Maia lórí ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì Lichess, lọ́fẹ̀ẹ́. Ayò ènìyàn gidi ni wọ́n fi kọ́ ọ, láti ipele 1100 dé 1900, pé kí ó ta ohun tí ẹni ipele yẹn máa ta, kì í ṣe ohun tó dára jù.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ti àkáǹtì ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, pa lórí ìkànnì kan, wọ́n ní ó lo ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun kò lò ó. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ ayò rẹ̀ wé ìsún tí ẹ́ńjìnnì máa yàn, wọ́n sì ń wo aago. Ọmọ tó ń ronú fúnra rẹ̀ á lo ìṣẹ́jú-àáyá 2 láti jẹ ọmọ tí wọ́n jẹ tirẹ̀ padà, á lo 50 níbi tó le. Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ á lo 7, 8, 7, ibi tó rọrùn àti ibi tó le bákan náà.

Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í léèrè, láìlu, láìkígbe: ṣé ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan bá a ta lórí àkáǹtì náà rí? Ṣé ó ṣí app mìíràn lórí fóònù kan náà nígbà tó ń ta lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ pé wíwo ẹ́ńjìnnì “fún ìsún kan péré” wà lára rẹ̀. Bí kò bá ṣe é lóòótọ́, ẹ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí wọn láti inú àkáǹtì náà gan-an, ẹ má ṣí tuntun, nítorí wọ́n á kà á sí àfikún ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tó ti ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, àti àbájáde ìdíje ojúkojú tó bá ti lọ, pẹ̀lú ìwé tó fi kọ ìsún rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá wà.

Bí ó bá ń lọ sí ìdíje, kí fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, kò gbà á láàyè kí fóònù wà lára ẹni tó ń ta, bí wọ́n bá bá a lára rẹ̀, ayò yẹn lọ nìyẹn, ìbáà wà ní pípa. Ní 2019, ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, grandmaster kan ni wọ́n ká mọ́ ilé ìyàgbẹ́ pẹ̀lú fóònù láàárín ìdíje. Ọdún mẹ́fà ni FIDE fi lé e kúrò nínú ayò.